Bùróílà ń jẹun, kò tóbi: ẹ fi oògùn aràn sílẹ̀, ẹ wo ìtẹ́lẹ̀ yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ọ̀bà-Ilé níbí ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń sin adìyẹ. Bùróílà 300 tí mo kó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Wọ́n ń jẹun o, àmọ́ wọn ò tóbi. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ju kílò 1 àti díẹ̀ lọ. Imí wọn ń ṣàn, nígbà mìíràn ikun tó ní àwọ̀ ọsàn máa ń wà nínú rẹ̀. Mẹ́rin ti kú. Mo ti fún wọn ní oògùn aràn lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí aràn kankan kó jáde. Aládùúgbò mi ní kí n máa fi omi dóńgóyárò fún wọn mu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ni mo fẹ́ tà wọ́n. Kí ló wà nínú ìfun wọn gan-an, ṣé ẹran wọn sì ṣeé jẹ?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ sì kú wàhálà àwọn adìyẹ. Ẹran wọn ṣeé jẹ. Màá padà síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ẹ má tún ra oògùn aràn mọ́. Ọmọ adìyẹ kì í bá aràn jáde nínú ẹyin. Aràn ńlá funfun tí gbogbo wa mọ̀, Ascaridia galli, tó lè gùn ju ìka ọwọ́ lọ, máa ń lo bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́jọ láti ìgbà tí adìyẹ bá ti gbé ẹyin rẹ̀ mì títí aràn náà fi máa dàgbà débi tó máa yé ẹyin tirẹ̀. Bùróílà ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó ń gbé lórí sìmẹ́ǹtì, lórí ìtẹ́lẹ̀ ìyẹ̀fun igi tuntun, kò tíì pẹ́ láyé tó kí aràn kún inú rẹ̀ débi tí yóò fi kọ̀ tí kò tóbi. Ẹ fún wọn ní oògùn lẹ́ẹ̀mejì, aràn kankan ò jáde, nítorí kò fi bẹ́ẹ̀ sí aràn níbẹ̀ tó máa jáde.

Ohun tí mo fura sí ni coccidiosis, tí àwa tó wà nídìí adìyẹ máa ń gé kúrú sí kọ́kísì. Eimeria ni orúkọ ohun tó ń fà á. Sẹ́ẹ̀lì kan péré ni gbogbo ara rẹ̀, ojú lásán kò lè rí i. Oògùn aràn tí ẹ rà, ì báà jẹ́ piperazine tàbí levamisole, kò rí i bá jà rárá. Ọjọ́ orí tí àwọn adìyẹ yín wà yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, ni ó sì máa ń bá wọn jà jù.

Oríṣi Eimeria méje ni wọ́n sábà máa ń kà fún adìyẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi tó yàn láàyò nínú ìfun. Acervulina ń gbé apá òkè, níbi tí ìfun ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára iwe. Maxima wà láàárín. Tenella ló ń wọ àpò ìfun méjì tó wà nísàlẹ̀, òun sì ni gbogbo èèyàn mọ̀ nítorí òun ló sábà ń mú kí adìyẹ máa ya ẹ̀jẹ̀. Nítorí ẹ̀jẹ̀ yìí, bí àwọn èèyàn ò bá ti rí pupa nínú imí, wọ́n á ní kì í ṣe kọ́kísì. Èrò yẹn ló ń jẹ owó àgbẹ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Acervulina àti maxima kì í sábà fi ẹ̀jẹ̀ hàn. Adìyẹ tí wọ́n ń pa ò pọ̀, èrè àgbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ run ló pọ̀. Ikun alámì ọsàn tí ẹ rí yẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ maxima.

Bó ṣe ń ràn ló yẹ kí ẹ mọ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni agbára yín wà. Ohun tí Eimeria ń yà síta nínú imí ni wọ́n ń pè ní oocyst. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ẹyin rẹ̀. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kò tíì lè ṣe adìyẹ ní nǹkan kan. Ó ṣì ń wá ooru, ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́. Bó bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó ti gbó, ọmọ mẹ́jọ ló sì ti wà nínú ẹyin kan. Adìyẹ á ṣa á mọ́ oúnjẹ tàbí mọ́ ìyẹ̀fun igi tó ń tú kiri. Iwe á lọ èèpo rẹ̀ fọ́, omi inú ìfun á tú àwọn ọmọ náà sílẹ̀, kálukú wọn á wọ inú sẹ́ẹ̀lì kan lára ìfun. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti máa pọ̀ sí i títí sẹ́ẹ̀lì náà á fi bẹ́, wọ́n á sì tún kó wọ àwọn mìíràn. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin sí ìkeje, ẹyin tuntun ti ń bá imí jáde. Ẹyọ kan ṣoṣo tí adìyẹ gbé mì lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Nínú ohun mẹ́ta tó ń wá yẹn, ooru Àkúrẹ́ ò sí lọ́wọ́ wa, afẹ́fẹ́ ò ṣeé mú kúrò nílé adìyẹ. Ọ̀rinrin nìkan ló kù tí ọwọ́ wa lè ká. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀, orí rẹ̀ ló dúró lé.

Kí wá ni ó ń ṣe fún ìfun? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ra ṣàkì ní Ọjà Ọba mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí, gbogbo nǹkan wẹ́wẹ́ tó yọ síta lára rẹ̀ yẹn. Inú ìfun adìyẹ náà rí bẹ́ẹ̀, àfi pé tirẹ̀ kéré gan-an, máíkírósíkóòpù ló ń fi í hàn dáadáa. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ yìí ló ń fa oúnjẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá ga tí wọ́n sì pọ̀, oúnjẹ tí adìyẹ ń rí fà á pọ̀. Ara wọn gan-an ni Eimeria ń gbé. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń bẹ́ ni wọ́n ń kúrú, àwọn kan á sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Ìfun kan náà ni, gígùn rẹ̀ ò yí padà, àmọ́ ojú ibi tí oúnjẹ ń gbà wọlé ti dín kù.

Ara ò ní káwọ́ lẹ́rán. Yóò máa sáré ṣe sẹ́ẹ̀lì tuntun láti fi dí èyí tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tuntun ò tíì dàgbà, kò tíì mọ iṣẹ́ fífa oúnjẹ, púrótéènì tó sì yẹ kó di ẹran àyà ni ara ń ná sórí àtúnṣe yìí. Lákòókò kan náà, púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ pàápàá ń jò padà sínú ìfun láti ojú egbò. Ẹ lè fi ojú rí apá kan nínú rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ: ẹ wo ẹsẹ̀ wọn. Àwọ̀ rúsúrúsú tó wà lẹ́sẹ̀ bùróílà, ara àgbàdo pupa inú oúnjẹ ló ti ń wá, ìfun ló sì ń fà á. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ra ọmọ adìyẹ kan náà, tó ń fún wọn ní oúnjẹ kan náà, tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú nígbà tí tiyín funfun, ìfun ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ọ̀rọ̀ ò tíì parí síbẹ̀. Oúnjẹ tí adìyẹ ò rí fà yóò máa sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn bakitéríà tó ń gbé ìsàlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Clostridium perfringens. Inú adìyẹ tí ara rẹ̀ le pàápàá ló ń gbé níwọ̀nba, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ nígbà tí púrótéènì tí kò dà bá dé bá a, tí ìfun tó ń dunni sì tún ń da ikun púpọ̀ sílẹ̀, àsè ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Yóò pọ̀ rẹpẹtẹ, yóò máa tú májèlé sílẹ̀, májèlé náà á sì máa pa ara ìfun tí Eimeria ti gún lójú tẹ́lẹ̀. Necrotic enteritis ni wọ́n ń pe èyí, òun ló sì ń pa bùróílà tó tóbi lójijì, tí olówó rẹ̀ á ní ó jẹun lánàá. Tí mo bá gbọ́ pé kọ́kísì kan pa adìyẹ púpọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo láìsí ẹ̀jẹ̀, Clostridium ni mo máa ń wá lẹ́yìn rẹ̀.

Adìyẹ tí ìfun rẹ̀ bàjẹ́ á tún máa mu omi púpọ̀ láti fi dí èyí tó ń yà dànù. Imí á máa ṣàn sí i, ìtẹ́lẹ̀ á máa tutù sí i, ẹyin Eimeria á máa gbó sí i. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó rẹ̀ díẹ̀, torí mo mọ̀ pé olùkọ́ ni yín. Ká ní bùróílà tí ìfun rẹ̀ dá ṣáká ń jẹ kílò oúnjẹ 1.7 kó tó fi kílò ẹran 1 kún ara. Kó tó pé kílò 2, kílò oúnjẹ 3.4 ló jẹ. Bí ìfun bá bàjẹ́ débi tí 1.7 di 2.1, adìyẹ kan náà á jẹ kílò 4.2 kó tó dé ibẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ò ju kílò 0.8 lọ. Ẹ wá sọ ọ́ di 300: kílò 240, bí àpò oúnjẹ onìkílò 25 mẹ́wàá nìyẹn. Mẹ́rin tó kú ló dùn yín. Ojú ò rí àpò mẹ́wàá yẹn ni.

Mo ní mo fura, torí mi ò tíì rí inú adìyẹ yín. Ẹ̀yin fúnra yín lè rí i, tàbí kí ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ mú ọ̀kan tí ara rẹ̀ ò yá, tó ká ìyẹ́ jọ, tó ń tòògbé ní igun, kí ẹ pa á. Òkú àná ò wúlò: ìfun adìyẹ máa ń tètè rà, láàárín wákàtí díẹ̀ àwọ̀ rẹ̀ ti yí, ẹ ò ní mọ èyí tí àrùn ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ikú ṣe. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ fa ìfun rẹ̀ jáde láti ibi tó ti kúrò lára iwe títí dé ìdí, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó fi sísọ́ọ̀sì là á, torí àmì mìíràn máa ń hàn láti ẹ̀yìn. Ní apá òkè, ẹ wá ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ìfun, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn: acervulina nìyẹn. Bí apá àárín bá wú, tó rọ̀ pẹ̀lẹ̀, tí àmì pupa tíntìntín wà lára rẹ̀, tí ikun alámì ọsàn sì dà jáde nígbà tí ẹ là á, maxima ni. Ẹ wá la àpò ìfun méjì ìsàlẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, tàbí nǹkan bíi wàràkàṣì tó ti dì pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, tenella ti dé. Bí ìfun bá fẹ́lẹ́, tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, tí òórùn rẹ̀ ò ṣeé fara dà, tí ohun aláwọ̀ ilẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, Clostridium ti dá sí ọ̀rọ̀ náà, ẹ nílò dókítà ẹranko lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ sun èyí tó kù tàbí kí ẹ rì í jinlẹ̀. Ẹ má jù ú fún ajá.

Ẹ má jẹ́ kí gbogbo imí tó bá yàtọ̀ já yín láyà ṣá. Adìyẹ tí nǹkan kan ò ṣe máa ń ya imí kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó pọ́n bí ilẹ̀, tó ń lẹ̀, tó sì ń rùn ju ti ìyókù lọ. Inú àpò ìfun méjì yẹn ló ti ń jáde, ó sì yẹ kó máa jáde. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ kùtùkùtù.

Bí ẹ ò bá fẹ́ pa èyíkéyìí, ẹ kó imí tútù láti ibi mẹ́wàá káàkiri ilé náà sínú nílọ́ọ̀nù, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n á pò ó mọ́ omi iyọ̀, ẹyin Eimeria á léfòó, wọ́n á sì kà á lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Èmi fẹ́ràn kí n rí ìfun ju kí n rí ìmọ̀ iye ẹyin lọ, nítorí iye tó wà nínú imí kì í fi gbogbo ìgbà sọ bí egbò ṣe pọ̀ tó.

Ó tó àkókò oògùn. Amprolium ni mo fẹ́ kí ẹ lò fún wọn, nínú omi. Adìyẹ tó ń ṣàìsàn lè kọ oúnjẹ, ṣùgbọ́n yóò ṣì mu omi. Mílígíráàmù 240 ni kí ẹ pò sínú lítà omi kan, fún ọjọ́ 5. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ ọ́ di mílígíráàmù 60 sí lítà kan fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bó bá jẹ́ páúdà 20% lẹ rà, gíráàmù 1.2 nìyẹn sí lítà kan, lẹ́yìn náà gíráàmù 0.3. Adìyẹ bíi 300 tó rí bíi tiyín á mu bí lítà 60 sí 70 lóòjọ́, ìyẹn gíráàmù 72 sí 84 ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ṣíbí díwọ̀n. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò tó. Ẹ máa po tuntun lójoojúmọ́, omi mìíràn ò sì gbọdọ̀ sí níbẹ̀ tí wọ́n máa sá lọ mu. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka ara páálí èyí tí ẹ rà, torí agbára wọn kì í dọ́gba.

Amprolium jọ fítámìn B1 lójú Eimeria. Ó gbé e mì pé B1 ni, B1 tòótọ́ ò wá rí àyè wọlé, ebi rẹ̀ sì pa á. Nítorí náà, láàárín ọjọ́ márùn-ún yẹn, ẹ gbé páúdà fítámìn alápapọ̀ tí ẹ máa ń pò mọ́ omi wọn kúrò nílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín á yún yín, torí ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń ṣe fún adìyẹ tó bá rẹ̀ ni ká fún un ní fítámìn. Bí ẹ bá fi B1 kún un, Eimeria lẹ ń bọ́. Tí ọjọ́ márùn-ún bá pé, fítámìn A àti K dára fún ìfun tó ń jinná.

Toltrazuril le ju amprolium lọ, ó sì ń pa Eimeria ní gbogbo ìpele tó ń gbé nínú ìfun. Mílígíráàmù 7 sí kílò ara kan ni, ọjọ́ 2 tẹ̀ léra. Adìyẹ 300 tó wúwo tó kílò 1.1 jẹ́ kílò 330 lápapọ̀, ìyẹn bíi mílílítà 92 oògùn 2.5% lójoojúmọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ń pẹ́ nínú ẹran, ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ fẹ́ tà, àmọ́ bí oníbàárà tó fẹ́ ra 50 bá dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ta ló máa dá a padà? Ìdí tí mo fi ń sọ amprolium nìyẹn. Àwọn oògùn sulfa náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àyè tó wà láàárín ìwọ̀n tó wo adìyẹ sàn àti èyí tó ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ kò fẹ̀. Ẹ má dán an wò fúnra yín.

Àwọn tó ń ta oògùn lè fẹ́ fi oògùn apakòkòrò (antibiotic) kan tàbí méjì kún un, wọ́n á ní kó lè dá gbogbo rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sọ fún wọn pé rárá, àfi bí dókítà bá rí àmì Clostridium. Ẹ sì wo ara àpò oúnjẹ yín kí ẹnikẹ́ni tó fún yín ní èyí tó ń jẹ́ tiamulin. Bí ẹ bá rí salinomycin, monensin tàbí narasin níbẹ̀ (oògùn kọ́kísì inú oúnjẹ ni wọ́n), òun àti tiamulin ò gbọdọ̀ pàdé nínú adìyẹ kan náà, ó ń pa wọ́n. Salinomycin yẹn kan náà jẹ́ májèlé fún tòlótòló, nítorí náà bí ẹ bá ń sìn tòlótòló méjì mẹ́ta lẹ́yìnkùlé, ẹ má bù nínú oúnjẹ bùróílà fún wọn.

Bó bá sì ṣe pé ẹ ò rí orúkọ oògùn kọ́kísì kankan lára àpò náà, tàbí pé ibi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ ládùúgbò lẹ ti ń pò ó láìfi nǹkan kan sí i, ẹ ti rí ọ̀kan nínú ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí. Láti 1948 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi sulfaquinoxaline sínú oúnjẹ adìyẹ ni Eimeria ti ń kọ́ bó ṣe máa borí oògùn, kò sì sí èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tí kò kọ́. Nítorí náà ẹ má lo oògùn kan náà láti ìdì adìyẹ kan dé òmíràn lọ́dún mẹ́ta gbáko.

Ní ti omi dóńgóyárò: mi ò bá aládùúgbò yín jà. Oríṣiríṣi ewé ni àwọn olùwádìí ń yẹ̀ wò lórí Eimeria. Àmọ́ omi rẹ̀ korò, adìyẹ tí imí rẹ̀ ń ṣàn sì nílò kó mu omi dáadáa. Bí wọ́n bá kọ omi nítorí ìkorò, amprolium tí ẹ pò sínú rẹ̀ náà ò wọlé nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí.

Ìtẹ́lẹ̀ wá kù, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi ọ̀sán òní ṣe kí ẹ tó lọ ra oògùn. Bí oògùn bá pa èyí tó wà nínú ìfun, tí adìyẹ sì tún ń ṣa ẹyin tó gbó jẹ nílẹ̀, owó lásán ni. Ẹ rìn wọ inú ilé náà, kí ẹ bu ìyẹ̀fun igi ẹ̀kúnwọ́ kan láàárín ilé, ẹ̀kúnwọ́ kan nídìí ìmumi, ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́bàá ògiri tí òjò ń fẹ́ sí. Ẹ fún un mọ́wọ́, kí ẹ ṣí ọwọ́. Bó bá tú ká, ó dára. Bó bá dì mọ́ra tó sì dúró gbọinin ní àtẹ́lẹwọ́ yín, ó tutù jù. Bí eruku rẹ̀ bá ń wọ̀ yín nímú, ó gbẹ jù, ìyẹn náà ní ìṣòro tirẹ̀, àmọ́ n kò rò pé ẹ máa bá a nínú òjò yìí. Gbogbo ibi tó ti dì bí pákó, ẹ fi ṣọ́bìrì ha á kúrò pátápátá, ẹ gbé e jáde lọ jìnnà, kí ẹ fi gbígbẹ rọ́pò. Ẹ má kàn da tuntun lé tútù lórí. Ẹ̀ ń bo ọ̀rinrin mọ́lẹ̀ ni. Ìyókù, ẹ máa fi réèkì tú u lójoojúmọ́.

Ìmumi ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Ẹ gbé e sókè kí etí rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀yìn adìyẹ, kí wọ́n máa na ọrùn díẹ̀ kí wọ́n tó mu. Bí adìyẹ ṣe ń ga ni kí ẹ máa gbé e. Ìmumi tó wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa yà sí i, wọ́n á sì máa mu ún.

Lẹ́yìn náà ni tapólì. Bí òjò bá ti ṣú láti apá Ìdànrè, gbogbo wa á sáré já tapólì àti àpò ìrẹsì sílẹ̀ yí ilé adìyẹ ká, a ó sì gbàgbé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Òjò ò wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n èémí adìyẹ 300 àti ọ̀rinrin imí wọn ti há sínú. Tí ẹ bá wọlé láàárọ̀ tí ojú ń ta yín, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru. Apá tí òjò ń fẹ́ wá nìkan ni kí ẹ bò, kí ẹ fi apá kejì sílẹ̀, kí ẹ sì ká a sókè nígbà tí òjò bá dá. Ẹ tún wọn ilé náà: bùróílà mẹ́wàá sí mítà kan níbùú lóròó ló tọ́, nítorí náà 300 nílò bí 30. Bí tiyín bá kéré sí i, kò sí ìyẹ̀fun igi tó máa gbẹ lábẹ́ wọn.

Aràn náà ní àyè tirẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó wá ní dókítà ní aràn ò sí. Adìyẹ tó ń yé ẹyin, nóílà, àkùkọ tí ẹ fẹ́ tọ́jú dé ọdún, àti adìyẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ kiri, gbogbo wọn ń pẹ́ tó kí Ascaridia dàgbà nínú wọn, débi tó lè dí ìfun. Capillaria tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ń ba ara ìfun wọn jẹ́, aràn pẹlẹbẹ sì ń gba ara èèrà, yímíyímí àti eṣinṣin wọ inú wọn. Piperazine kì í pa ju aràn ńlá funfun yẹn lọ. Levamisole kì í pa aràn pẹlẹbẹ. Nítorí náà, kí wọ́n yẹ imí wò kí wọ́n tó mọ èyí tí wọ́n máa rà. Àwọn adìyẹ ìbílẹ̀ yẹn tún kan ọ̀rọ̀ bùróílà yín: wọ́n lè máa gbé Eimeria kiri láìṣàìsàn. Bí wọ́n bá ń wọlé wá ṣa oúnjẹ tó dà nílẹ̀, ẹ lé wọn. Ti ewúrẹ́ kì í ran adìyẹ. Eimeria tó ń bá ewúrẹ́ jà yàtọ̀.

Ó yàtọ̀ sí ti ènìyàn náà, nítorí náà ẹran wọn ò lè kó kọ́kísì ran ẹnikẹ́ni. Oògùn tó kù nínú ẹran ló yẹ kó máa bà yín lẹ́rù, àwọn oògùn aràn méjì tí ẹ ti fún wọn sì wà nínú rẹ̀. Ẹ wá páálí wọn, kí ẹ wo iye ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ fi sílẹ̀ kí ẹ tó pa adìyẹ jẹ.

Nígbà tí ẹ bá tà wọ́n tán, ẹ kó ìtẹ́lẹ̀ náà jáde pátá, kí ẹ fọ ilẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ tòkí. Izal àti hypo kò pa ẹyin Eimeria. Iná ń pa á, gbígbẹ ń pa á. Iná gáàsì tí wọ́n ń fi ń jó irun ewúrẹ́, bí ẹ bá fi í rìn díẹ̀díẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì àti ẹsẹ̀ ògiri, ṣe iṣẹ́ ju gálọ́ọ̀nù Izal lọ. Kí ilé ṣófo fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ra bàtà rọ́bà kan tí kò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé adìyẹ, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé, títí kan èmi, wọ̀ ọ́. Ẹ má ra àpò oúnjẹ àlòkù láti oko ẹlòmíràn láti fi bo ẹ̀gbẹ́ ilé.

Kí ẹ tó fún wọn ní oògùn, ẹ mú mẹ́wàá láìyàn, kí ẹ wọ̀n wọ́n, kí ẹ so okùn mọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ẹ tún wọn mẹ́wàá yẹn kan náà lẹ́yìn ọjọ́ méje. Ìfun gba ọjọ́ díẹ̀ kó tó jinná, nítorí náà mi ò retí ìyanu. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò bá fi tó gíráàmù 300 kún ara, nǹkan mìíràn wà níbẹ̀, bóyá àrùn Gùmbórò ló kọ́kọ́ sọ wọ́n di aláìlágbára, bóyá àgbàdo tó ti bu ló wà nínú oúnjẹ. Nígbà náà kí ẹ gbé méjì wá fún mi, láàyè, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ oúnjẹ wọn nínú nílọ́ọ̀nù.